Yàrá Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Fadérera pè mí lálẹ́ àná láti Lẹ́sítà.
Iná ti lọ ní Kúdẹtì. Mo gbé fóònù sí etí kan,
mo fi ọwọ́ di èkejì
kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò má baà gbé ọ̀rọ̀ ọmọ mi mì.

"Màámi, oṣù mẹ́fà ti pé."

Oṣù mẹ́fà tí Hàlínà àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin
ti ń gbé yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
yàrá tí wọ́n ti máa ń pè ní tèmi,
bí físà bá lè jáde.
Físà kò jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ tẹ ìka fún wọn,
ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé màá padà sílé.
Èmi tí mo ní adìẹ méje!

Kí Hàlínà tó dé, òṣìṣẹ́ ìjọba wá wọn yàrá náà,
ó nàgà tẹ ẹ̀rọ tí ń gbọ́ òórùn èéfín,
ó bi ọkọ ọmọ mi bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí,
ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.
Lóṣooṣù, ìjọba ń san owó kan fún wọn;
owó "ẹ ṣeun" ni wọ́n ń pè é.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi:
ìjọba tí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé!

Nítorí èmi náà ti sá fún omi rí.
Lọ́dún Omíyalé, nígbà tí Ògùnpa bínú,
ó gbé ilé wa bí ẹni gbé agbọ̀n òfìfo,
ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé ìwé-ẹ̀rí ọkọ mi,
ó gbé ewúrẹ́ Ìyá Làtí tòun tokùn.
Fadérera wà lẹ́yìn mi, ọmọ oṣù mẹ́rin,
ó ń sùn.

Ìjọba wá. Wọ́n tò wá sí pápá ilé-ìwé,
wọ́n kọ orúkọ wa sínú ìwé gbọọrọ,
wọ́n fún wa ní búláńkẹ́ẹ̀tì kan, wàrà oníyẹ̀fun díẹ̀,
àti káàdì: nọ́ńbà 417.
Wọ́n ní a ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn nípa ilé.
Káàdì náà ṣì wà nínú àpótí mi.
Mo ṣì ń tẹ́tí.

Àlàájì Bùsàrí, aránbàtà Òkè-Ààrẹ, tí kò mọ̀ wá rí,
òun ló nawọ́ sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìdáná.
Ọdún méjì àtààbọ̀ la lò níbẹ̀.
N kò ní purọ́ pé ó dùn.
Ìyàwó rẹ̀ a máa ka igi ìdáná sókè,
èmi a dijú bí ẹni tó ti sùn.
Ẹni tó ń gbélé onílé,
ikọ́ rẹ̀ pàápàá a máa tijú.

Hàlínà náà kì í tan iná balùwẹ̀ lóru.
Odò tirẹ̀, ogun ló tú u sílẹ̀:
wọ́n fọ́ ìsédò, omi gun òrùlé.
Fadérera ní ó máa ń fọ ilé tí kò dọ̀tí.
Ó se ọbẹ̀ pupa kan fún wọn, mo rí i nínú fọ́tò,
mo ní epo yìí mà pọ̀ o. Wọ́n ní kì í ṣe epo,
gbòǹgbò kan ni. Mo bèèrè ata.
Kò sí ata.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé.
Onílé tí ilé rẹ̀ bá odò lọ ńkọ́?

"Akínlàbí ní owó iná ti ga jù," ọmọ mi wí.
"Màámi, kí la ó sọ fún un?"

Jẹnẹrétọ̀ kú lójijì. Mo gbọ́ èémí ara mi.
Mo rántí àárọ̀ kan ní Òkè-Ààrẹ:
Àlàájì wọlé, ó kan ìṣó tuntun mọ́ ògiri yàrá wa,
ó jáde, kò sọ nǹkan kan.
Ẹni tó fẹ́ lé ọ
kì í kan ìṣó tí wàá fi aṣọ kọ́.

"Ṣé ìṣó wà ní yàrá yẹn?"
"Ìṣó kẹ̀, Màámi?"
"Ìṣó. Kí ọkọ rẹ kan ọ̀kan lọ́la.
Kó kàn án lójú ọmọ yẹn."